Orin mi ń dún lórí rédíò, àmọ́ n kò rí owó rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ta ni kí n lọ?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Èmi ni mo ṣẹ̀dá orin kan, èmi náà ni mo sì kọ ọ́ lẹ́nu. Ọ̀rẹ́ mi gbe ègbè, pródúsà ṣe bíìtì, ilé-iṣẹ́ kan sì bá wa gbé e sórí ayélujára. Ní báyìí rédíò ti gba orin náà, kódà tẹlifíṣàn lò ó lábẹ́ ètò kan. Mo wo àkáǹtì tí owó orí ayélujára ń wọ̀, n kò rí nǹkan kan tó jẹ mọ́ rédíò níbẹ̀. Mo bi òṣìṣẹ́ rédíò kan, ó ní àwọn ti san owó gbogbo orin tí àwọn ń lò. Ta ni wọ́n wá san án fún? Pródúsà tún ní ìdajì orin náà jẹ́ tòun, bẹ́ẹ̀ a kò kọ ìwé kankan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìdáhùn: olórin kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́

Àbúrò mi, òótọ́ ni òṣìṣẹ́ yẹn sọ. Rédíò kì í wá olórin kọ̀ọ̀kan kiri láti sanwó fún un. Láísẹ́ǹsì kan ni wọ́n ń gbà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tó ń gba rọ́yátì (owó ìlò orin) fún àwọn olórin, láísẹ́ǹsì náà ló fún wọn láṣẹ láti lo gbogbo orin tó wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ náà. Owó rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ìdá kan nínú ohun tó ń wọlé fún ilé-iṣẹ́, tàbí iye kan tí wọ́n jọ fẹnu kò sí. Ẹgbẹ́ á yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀, á pín ìyókù. Ètò náà ti pẹ́: irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni SACEM ti ilẹ̀ Faransé tó ti wà láti 1851, ASCAP ti Amẹ́ríkà láti 1914.

Ilé-iṣẹ́ tó gbé orin rẹ sórí ayélujára kò sí nínú ètò yìí rárá. Ṣé o ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kankan? Bí o kò bá tíì ṣe é, wọ́n lè mọ̀ pé orin dún, kí wọ́n má mọ ẹni tí wọ́n máa sanwó fún.

Ìdáhùn: amòfin

Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún ti ẹ̀gbọ́n, torí ibí yìí ló ń rú ọ̀pọ̀ olórin lójú. Ẹ̀tọ́ méjì ló wà nínú orin kan ṣoṣo. Ọ̀kan wà lára ọ̀rọ̀ àti ohùn orin, ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀ ló ni ín. Èkejì wà lára ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní sítúdíò. Ẹni tó náwó sí gbígbà á sílẹ̀ ló sábà máa ń ni èyí, àmọ́ níbi tí òfin bá ti fàyè gbà á, akọrin, elégbè àti onílù náà ní ìpín níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń gba owó méjèèjì, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí o forúkọ sílẹ̀ níbi méjì.

Abala 12 nínú Àdéhùn Róòmù ti 1961, àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn akọrin àti àwọn tó ń ṣe orin jáde, ló sọ ọ́ pé kí rédíò sanwó fún akọrin, tàbí fún ẹni tó ṣe orin jáde, tàbí fún àwọn méjèèjì. Àmọ́ orílẹ̀-èdè lè ní òun kò gba abala yẹn. Amẹ́ríkà kò tilẹ̀ sí nínú àdéhùn náà. Rédíò orí afẹ́fẹ́ níbẹ̀ ń sanwó fún ẹni tó ṣẹ̀dá orin, òfin kò sì ní kó san ohunkóhun fún ẹni tó kọ ọ́ lẹ́nu. Lójú tèmi, ìrẹ́jẹ gbáà ni. Rédíò orí ayélujára àti ti sátẹ́láìtì ní tiwọn ń san: ẹgbẹ́ kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ SoundExchange ló ń gbà á, ìdá 50 nínú 100 ń lọ fún ẹni tó ni ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀, 45 fún olórin tí orúkọ rẹ̀ wà lórí orin, 5 fún elégbè àti onílù.

Ìdáhùn: òṣìṣẹ́ rédíò

Àkọsílẹ̀ wa ni ẹgbẹ́ fi ń pín owó: àkọlé orin, orúkọ olórin, ìgbà tó dún àti bó ṣe pẹ́ tó. Àwọn ẹgbẹ́ kan ń ka gbogbo orin tó dún, àwọn mìíràn ń mú ọjọ́ díẹ̀ wò, wọ́n á fi ṣe ìṣirò ìyókù. Èyí kejì ń pa olórin kékeré lára, torí orin rẹ̀ lè má bọ́ sí ọjọ́ tí wọ́n mú. Kọ̀ǹpútà tó ń dá orin mọ̀ fúnra rẹ̀ ti wà báyìí, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ní orin yín lọ́wọ́ kó tó lè dá a mọ̀.

Ẹ dákun, ẹ yé fi orin tí kò ní àkọlé ránṣẹ́ sí wa. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀ sí i, kí ẹ sì fi ISRC rẹ̀ kún un, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ orin tí wọ́n gbà sílẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà 12 ni. Ní ti tẹlifíṣàn, àwọn tó ṣe ètò náà ló ń kọ ìwé tó to gbogbo orin inú rẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá tiyín wà níbẹ̀.

Ìdáhùn: òǹkàwé kan

Kí ló dé tí kò kàn lọ bá rédíò, kí wọ́n san tirẹ̀ fún un lọ́wọ́?

Ìdáhùn: amòfin

Wọn ò ní dá a lóhùn, ọ̀gá mi, torí wọ́n ti sanwó. Lẹ́yìn náà, ní ọ̀pọ̀ ibi, tí èèyàn bá ti fọwọ́ sí ìwé ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ ló kù tó láṣẹ láti gba owó yẹn. Kí ó ka ìwé náà dáadáa kó tó fọwọ́ sí i.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. N kò tíì forúkọ sílẹ̀ níbì kankan. Ti pródúsà ńkọ́?

Ìdáhùn: olórin tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́

Má bá a jà. Ẹni tó ṣe bíìtì lè jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ṣẹ̀dá orin lóòótọ́, àmọ́ bíìtì nìkan kò sọ pé ìdajì ni tirẹ̀. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ jókòó, ẹ kọ ìpín oníkálukú sórí ìwé títí yóò fi pé 100, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i. Kí ẹ kọ ìpín ti sítúdíò sórí ìwé ọ̀tọ̀. Bí ìwọ bá kọ 70 tí òun kọ 50, ẹgbẹ́ lè so owó náà rọ̀ títí ẹ ó fi parí ìjà yín.

Tètè ṣe é. Owó tí wọn ò bá rí olówó rẹ̀, ẹgbẹ́ máa ń tọ́jú rẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà kan, lẹ́yìn náà wọ́n lè pín in fún àwọn mìíràn. Tí o bá ń forúkọ sílẹ̀, béèrè bí àkókò yẹn ṣe gùn tó, àti bóyá wọ́n máa san ti ẹ̀yìn. Bi wọ́n pẹ̀lú pé àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ òkèèrè wo ni wọ́n jọ ní àdéhùn, torí ọwọ́ àwọn yẹn ni owó rẹ yóò gbà wọlé tí orin náà bá dún lọ́dọ̀ wọn.