Ohùn ìyáàlù mi kò gòkè mọ́: awọ ni àbí ọsán?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onílù. Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn ni mo ń gbé. Wọn ò bí mi sídìí Àyàn, mo kàn ń kọ́ dùndún ni. Òjò pa ìyáàlù mi lóde ìsìnkú kan lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Látìgbà yẹn, bí mo fún ọsán rẹ̀ (okùn awọ tó so ojú méjèèjì pọ̀) mọ́ra títí apá fi ń ro mí, kò gòkè kọjá ohùn àárín. Bí mo bá ní kó pe "igbá", "igba" ló ń wí. Ẹnì kan tiẹ̀ bi mí pé igba náírà dà?

Mo sá a sóòrùn fọ́jọ́ mẹ́ta. Mo yá a níná, ohùn là díẹ̀, ó tún rọ̀ padà. Mo wá ń fa ọsán ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ já mọ́ mi lọ́wọ́, ni mo bá fi í sílẹ̀. Awọ ò ya. Àmọ́ bí mo fi àtàǹpàkò tẹ ojú tí mo ń lù, ó ń wọnú. Ojú kejì le koko.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé awọ ojú kan yìí nìkan ni kí n pààrọ̀, àbí gbogbo ọsán ni mo máa tú kí n tó fà á tuntun?