Eré tó kọjá 42 kìlómítà: kí lẹ ti rí lójú ọ̀nà?

Ọmọ Kubwa: Àwọn tó ń sá eré ọ̀nà jíjìn ti wá pọ̀ gan-an o. Eré Comrades ti Gúúsù Áfíríkà nìkan, nǹkan bí 90 kìlómítà, wákàtí 12 péré ni wọ́n fún èèyàn. Ẹ kọ́ àwa tá a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ l'Ábújá níbí.

Ẹlẹ́sẹ̀ Gwarinpa: Omi.

Ìyá Ìbejì: Omi nìkan kọ́, ọmọ yìí. Ẹni tó bá ń da omi lásán mu fún wákàtí márùn-ún nínú ooru oṣù kẹta, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á lọ sílẹ̀: orí fífọ́, ọwọ́ wíwú, èébì. Omi lítà kan, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà, iyọ̀ ìdajì ṣíbí, kẹ́ ẹ rẹ́ orí ṣíbí náà dọ́gba. Ẹ gun òṣùwọ̀n kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ tún gùn ún tẹ́ ẹ bá dé. Tẹ́ ẹ bá wúwo ju ti àárọ̀ lọ, omi yẹn ti pọ̀ jù.

Bàbá Lugbe: Ṣúgà yẹn kò lè gbé èèyàn dé ibì kankan. Dàbínò kéékèèké 8 sí 10 ní wákàtí kan. Ẹ yọ kóró rẹ̀ nílé. Ẹ má dúró kí ebi tó pa yín. Fùrá náà dáa.

Abẹ́ Àpáta: Fùrá kẹ̀? Ẹni tó bá mu nọ́nọ̀, wàrà kíkan tí wọ́n fi ń po fùrá, kó tó gun òkè Mpape, igbó ló máa wá kiri 😂

Bàbá Lugbe: Ta ló dárúkọ nọ́nọ̀? Omi ni kẹ́ ẹ fi pò ó. Ẹ máa kàwé kẹ́ ẹ tó fèsì.

Abẹ́ Àpáta: Fùrá tí kò ní nọ́nọ̀, ẹ wá orúkọ míì fún un.

Àǹtí Bwari: Èrò gan-an ni wàhálà. Eré Western States ní Amẹ́ríkà, 369 èèyàn ni àyè wà fún, ìbò ni wọ́n ń mú. Ọdún àkọ́kọ́, tíkẹ́ẹ̀tì ìbò 1. Ẹni tí wọn ò bá mú, lọ́dún kejì á ní 2, ẹ̀kẹta 4, ẹ̀kẹrin 8. Tí ọ̀nà bá tún wá tóóró, ẹ yára díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ máa tò sẹ́yìn àwọn tó ń rìn.

Ìyá Ìbejì: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tan àwọn ọmọ jẹ. Ẹni tó bá yára níbẹ̀rẹ̀, itan á ti le gbagidi kó tó dé kìlómítà 50. Kó tò!

Àǹtí Bwari: Tí àsìkò bá wá lé e ńkọ́, Mà?

Ẹlẹ́sẹ̀ Gwarinpa: Òrí láàárín itan kó má bàa bó, ẹ má gbàgbé.

Bàbá Lugbe: Òrí á yọ́ nínú oòrùn. Básílíìnì ni, ẹ tún fi kún un ní ìdajì ọ̀nà.

Ọmọ Kubwa: Ajá Mpape ńkọ́ ní aago 5 ìdájí?

Abẹ́ Àpáta: Ẹ má sá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ bí ẹni fẹ́ ṣa òkúta.