Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà wo ló rọrùn fún ìyá àgbà láti pápákọ̀ òfurufú Kansai dé Shinsekai ní Osaka?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ Naniwa-ku, agbègbè Osaka tí Shinsekai wà, dáadáa. Ìyá àgbà kan tó ń fi ọ̀pá rìn fẹ́ wọ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì nítòsí ilé gogoro Tsutenkaku ní Shinsekai, báàgì ńlá méjì sì wà lọ́wọ́ wọn.

A ti yọ Namba, ibùdókọ̀ ńlá tí ọkọ̀ ojú irin Nankai láti pápákọ̀ òfurufú ń parí sí, kúrò. Ibẹ̀ ló ń da àlejò láàmú jù: ibùdókọ̀ Nankai lọ́tọ̀, ti abẹ́ ilẹ̀ lọ́tọ̀, JR Namba (ti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin JR) sì tún wà lápá ìwọ̀ oòrùn.

Ọ̀nà méjì ló kù. Àkọ́kọ́, kí wọ́n wọ Nankai, kí wọ́n sọ̀ ní Shin-Imamiya, kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ sí Shinsekai. Èkejì, kí wọ́n sọ̀ ní Tengachaya tó ṣáájú rẹ̀, kí wọ́n wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ Sakaisuji. Ibùdókọ̀ kejì, lẹ́yìn Dobutsuen-mae, ni Ebisucho, ibẹ̀ ni wọn yóò ti sọ̀. Rapi:t, ọkọ̀ Nankai tó ń yára, ń gba owó ìjókòó lé owó ọkọ̀, torí náà Airport Express, ọkọ̀ Nankai tí kì í gba owó yẹn, la fẹ́.

Ẹ bá wa wò ó: ṣé ẹ̀rọ agbéniròkè wà láti orí pèpéle Nankai títí dé ti Sakaisuji ní Tengachaya? Ní Ebisucho ńkọ́, ẹnu ọ̀nà wo ni kò ní àtẹ̀gùn? Àtẹ̀gùn gan-an ló ń bà wá lẹ́rù, kì í ṣe jíjìnnà.