Ṣé kí n ra Hilux dísù ọdún 2008 yìí?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń wá ọkọ̀ tí màá fi máa kó ẹ̀gẹ́ láti oko mi nítòsí Ìsẹ́yìn lọ sí Ìbàdàn. Hilux D-4D kan (ẹ́ńjìnì dísù Toyota nìyẹn) ni mo rí, ẹ́ńjìnì lítà 2.5, ó sì wù mí gan-an.

Èéfín ẹ̀ ló ń kọ mí lóminú. Tá a bá sitáàtì ẹ̀ láàárọ̀, èéfín funfun á máa jáde, ẹ́ńjìnì á máa gbọ̀n títí á fi gbóná. Ẹni tó ń tà á ní òtútù ni. Mẹkáníìkì mi ní rárá, nọ́sù, ìyẹn ohun tó ń fọ́n dísù sínú ẹ́ńjìnì, ló ń jò, pé dísù tó lómi nínú ló máa ń bà á jẹ́, owó ẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Àmọ́ nígbà tó ṣí ìdérí ojú ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, èéfín ò tú jáde níbẹ̀. Ìyẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀, torí tí inú ẹ́ńjìnì fúnra ẹ̀ bá ti jẹ, èéfín sábà máa ń tú jáde níbẹ̀.

Dísù wọ́n ju bẹntiróòlù lọ, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà oko wa ò gba ọkọ̀ kékeré lásìkò òjò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lò ó rí, ṣé kí n ní kí ẹni tó ń tà á yọ owó nọ́sù kúrò nínú owó ọkọ̀, àbí kí n wá òmíràn? Owó tí mo fi ọdún mẹ́ta tù jọ ni.