Màmá mi ní àwọn ò lè fowó ra "jókòó, dìde"

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Màmá mi ti pé ọdún 66, àdìrẹ ni wọ́n ń tà ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Orúnkún ọ̀tún ti ń dà wọ́n láàmú tipẹ́. A ya fọ́tò egungun rẹ̀, dókítà ní kèrékèré, ìyẹn egungun rírọ̀ tó bo ẹnu egungun, ló ń jẹ tán lọ, ó ní ká lọ rí fisió, àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú ara. Fisió ò kọ oògùn kankan. Kí wọ́n jókòó sórí àga, kí wọ́n dìde láìfọwọ́ ti nǹkan, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, kí wọ́n sì máa rìn. Màmá ní, "Ṣé n kì í jókòó nílé ni?" Wọ́n ṣe é fọ́jọ́ méjì, ó ro wọ́n, wọ́n kọ̀ ọ́ jálẹ̀. Ṣé ká kúkú wá abẹ́rẹ́ ni?

Ìyá Ìbejì: Ẹ má bínú, ẹ̀rín pa mí. Bí èmi náà ṣe sọ nìyẹn lọ́dún tó kọjá. Oṣù kejì ni mo tó rí i pé mo ń gun àtẹ̀gùn láìdi ògiri mú.

Fisió Ìbàdàn: Abẹ́rẹ́ lè mú un rọlẹ̀ fúngbà díẹ̀, àmọ́ kò lè fún iṣan itan lágbára, iṣan yẹn ló sì ń bá orúnkún gbẹ́rù. Kèrékèré ò ní ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Bíi kànrìnkàn ni, tá a bá tẹ̀ ẹ́ tá a tú u sílẹ̀ ló ń fa omi oríkèé mu. Ó máa ń ro níbẹ̀rẹ̀. Tí ìrora ò bá kọjá 5 nínú 10, tó sì rọlẹ̀ kó tó di wákàtí 24, ẹ máa bá a lọ. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ dín in kù sí márùn-ún, kẹ́ ẹ fi tìmùtìmù gbé àga ga. Àmọ́ tó bá wú, tó gbóná, tí ibà sì dé, ilé ìwòsàn ni o.

Ẹ̀gbọ́n Peckham: Òun náà ni wọ́n kọ fún mi ní London níbí. Láti 2022 ni ìlànà NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi ìdárayá ṣáájú, wọ́n tiẹ̀ ní kí dókítà má kàn máa kọ parasitamọ́ọ̀ fún irú orúnkún bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ní Denmark, ẹ̀ẹ̀mejìlá láàárín ọ̀sẹ̀ 6 ni wọ́n ń ṣe é lójú fisió. Ọjọ́ méjì kéré.

Bọ̀dá Ṣọlá: Kí ni màmá ń jókòó lé ní ṣọ́ọ̀bù?

Olùbéèrè: Àpótí kékeré ni, àtàárọ̀ dalẹ́!

Bọ̀dá Ṣọlá: Ẹ ò wá rí i! Ẹ bá wọn wá àga tó ga.

Olùbéèrè: Àga ti dé, mo fi tìmùtìmù lé e. Wọ́n ti ṣe márùn-ún. Wọ́n ní tó bá ro àwọn lálẹ́ yìí, èmi ni n ó lọ tajà lọ́la.