Bí ìyá ìlù ṣe padà sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò mi

Ẹ ní ká sọ àṣìṣe tí wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n ń so ẹ̀rọ orin mọ́ mọ́tò wa. Fíúsì ni tèmi. Golf ni mo ń wà nígbà náà, ní Èkó. Rẹ́wáyà tó bá mi so ámúpù (ẹ̀rọ tó ń mú ohùn orin lágbára) fa wáyà pupa láti orí bátìrì, ó fi ihò kan lára irin gbà á wọ inú mọ́tò, ó sì fà á dé bútù láìfi fíúsì kankan sí i. Ó ní èyí tó wà lára ámúpù ti tó. Oṣù kẹta lẹ́yìn náà, nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Ọjọ́ta, mo gbóòórùn rọ́bà tó ń jó. Etí irin yẹn ti ń gé ara wáyà díẹ̀díẹ̀ títí bàbà inú rẹ̀ fi kan bọ́dì mọ́tò. Èéfín ti gba abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù kí n tó rí sípánà tú orí bátìrì. Ọlọ́run ló yọ mí. Ámúpù nìkan ni fíúsì ara ámúpù ń ṣọ́. Wáyà gígùn tó wà láàárín bátìrì sí bútù, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fíúsì sí i lẹ́bàá bátìrì, kó má jìnnà ju nǹkan bíi 45 sẹ̀ǹtímítà lọ, kẹ́ ẹ sì fi rọ́bà sí ihò tí wáyà bá gbà wọlé.

*

Ẹ kú ewu o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ ọ̀rọ̀ fíúsì ṣáájú mi. Tèmi ò jóná, àmọ́ ó gbówó, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba oṣù mẹ́fà lọ́wọ́ mi.

Ìbàdàn ni mo wà, Corolla 2005 ni mo ń wà. Àwọn sípíkà tó bá mọ́tò dé ti gbó, pépà inú wọn ti ya. Mo ra mẹ́rin tuntun, mo ra wúfà oní-íńṣì 12 kan (sípíkà ńlá fún béèsì, ìyẹn ohùn ìsàlẹ̀), mo ra ámúpù méjì, ọ̀kan fún ilẹ̀kùn, ọ̀kan fún wúfà. Rẹ́wáyà kan ládùúgbò so gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tó tan orin, bútù ń gbọ̀n, nọ́ńbà ẹ̀yìn mọ́tò ń jó, àwọn ọmọ àdúgbò sì ń pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn débi pé mo fowó lé owó iṣẹ́ rẹ̀.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbé bàbá mi lọ sóde ní Ìṣẹ́yìn. Orin jùjú àtijọ́ ni mo fi sí i, torí ohun tí wọ́n fẹ́ràn nìyẹn. A ò tíì dé Mọ́níyà tí wọ́n fi ní kí n pa á. Wọ́n ní, "Gbì-gbì-gbì ni mò ń gbọ́. Kí ni ìlù ń wí?" Mo tẹ́tí sí i dáadáa. Èmi náà ò gbọ́ ohun tó ń wí.

Bàbá mi kì í ṣe àyàn, wọn ò lulù rí, àmọ́ etí wọn mọ ìlù. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, ìlù kan wà tó máa ń dún lórí rédíò láti fi pe orúkọ iléeṣẹ́ náà lédè òyìnbó, ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo ọmọdé ń gbọ́ níbẹ̀ ni "B'Ólúbàdàn bá kú, ta ni ó joyè?" Ìlù ò lẹ́nu. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ló fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Bí mọ́tò bá ti gbé béèsì lé gbogbo rẹ̀ lórí, dùndún ti di páálí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú u fúnra mi, lálaalẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́.

Ariwo kan wà tó máa ń kùn bí ẹ̀fọn létí. Bí mo bá tẹná, á ké sókè. Bí mo bá tú ẹsẹ̀ sílẹ̀, á wálẹ̀. Alternator, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná, ló ń gba inú sípíkà sọ̀rọ̀. Mo gbé ìjókòó ẹ̀yìn, mo rí ibi tí wọ́n ti de wáyà dúdú ámúpù, èyí tí iná ń gbà padà sí bátìrì, mọ́ bọ́dì: orí ọ̀dà ni wọ́n dè é mọ́! Ọ̀dà kì í gbé iná. Mo fi sáńpépà họ ojú ibẹ̀ títí irin fi funfun tó ń dán, mo fi nọ́ọ̀tì dè é pinpin, mo sì mú wáyà dúdú ámúpù méjèèjì wá sí ojú kan náà. Ariwo dín kù, kò tán. Ìgbà tí mo ká kápẹ́ẹ̀tì ni mo rí i pé wáyà RCA (èyí tó ń gbé orin láti rédíò wá sí ámúpù) àti wáyà iná jọ lẹ̀ mọ́ra láti iwájú dé ẹ̀yìn. Mo mú RCA gba ẹ̀gbẹ́ kejì mọ́tò. Ó tán pátápátá.

Lẹ́yìn náà ni mo gbé mítà tó ń wọn iná sí i. Bí orin bá ń lọ tí ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́, fóòtì 14.2 ló wà lórí bátìrì, àmọ́ bí béèsì bá ti já, ó ń já sí 11.9 lẹ́nu ámúpù. Mo fi bíléèdì họ ara wáyà iná náà díẹ̀. Bàbà ni lójú, àlùmíníọ̀mù funfun ni nínú. Wọ́n ti tà á fún mi bíi bàbà gidi. Mo lọ ra bàbà ojúlówó, 4 gauge (bí wáyà ṣe nípọn tó nìyẹn), ní Gate, owó rẹ̀ sì ta mí lára, àmọ́ n ò kábàámọ̀ rẹ̀.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ilẹ̀kùn òsì. Mo mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan, oní-fóòtì 1.5, mo fi orí rẹ̀ kan wáyà tí rẹ́wáyà so mọ́ ojú pọ́sítíìfù ámúpù, mo fi ìdí rẹ̀ kan èkejì. Pépà sípíkà ọ̀tún yọ síta. Tòsì wọlé. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń wọlé. Wọ́n ti so ó ní òdìkejì! Bí ọ̀kan ṣe ń ti afẹ́fẹ́ jáde ni èkejì ń fà á wọlé, wọ́n ń pa ohùn ara wọn. Abájọ tí ohùn àárín ò fi sí.

Ó ku gain, bọ́tìnnì ara ámúpù tá a fi ń mú un bá agbára ohùn tó ń ti rédíò wá mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi: gain kì í ṣe fọ́lúùmù. Wọ́n ti yí tèmi dópin, wọ́n yí bass boost, bọ́tìnnì tó ń fi kún béèsì, náà dópin. Mo dá gbogbo rẹ̀ padà sí òfo, mo tú sípíkà kúrò lẹ́nu ámúpù, mo gbé fọ́lúùmù rédíò sí 30 nínú 40, mo wá tan ohùn kan tó ń lọ gbọọrọ ní 1000 Hz (iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan nìyẹn). Ámúpù ilẹ̀kùn mi ń gbé 100 wáàtì fún sípíkà oní-ohm 4 (ohm la fi ń wọn bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó). Ẹ sọ 100 di ìlọ́po 4, 400 ni. Nọ́ńbà tá a sọ di ìlọ́po ara rẹ̀ tó fi di 400 ni 20. Nítorí náà mo rọra ń yí gain títí mítà tí mo fi kan ẹnu ámúpù fi ka fóòtì 20, mo sì dúró. Bákan náà ni mo ṣe ti wúfà, àmọ́ ohùn 50 Hz ni mo lò fún un. Mo wá gé e ní 80 Hz: ohun tó bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kó lọ sínú wúfà, èyí tó bá wà lókè kó lọ sí ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà ni nọ́ńbà ẹ̀yìn mọ́tò ti jáwọ́ nínú ijó.

Etí ni mo fi parí rẹ̀, torí mítà ò gbọ́ Yorùbá. Orin kan náà ni mo fi tún un ṣe fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, mo ń dín wúfà kù díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dà bíi pé iwájú mi ni béèsì ti ń wá, tí kì í ṣe bútù.

Nígbà tó yá, mo tún gbé bàbá mi, ọ̀nà Ìṣẹ́yìn náà ni. N ò sọ nǹkan kan. Mo fi orin náà sí i, kò pariwo. A kọjá Mọ́níyà, wọn ò sọ̀rọ̀. Mo yọjú wò wọ́n, mo rí i pé ìka wọn ti ń lu eékún, ètè wọn ń mì. Wọ́n ní, "Ẹni bí ni là á jọ. Ohun tó ń wí nìyẹn. Ó tún un wí lẹ́ẹ̀mejì." Wọ́n wá na ọwọ́ sí rédíò, wọn ò mọ bọ́tìnnì tí wọ́n máa tẹ̀.

"Dá a padà díẹ̀," ni wọ́n wí.