Ìbéèrè láti Iléṣà: ibo ni kí n ti kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì ní Amẹ́ríkà?

Àbúrò yín, Iléṣà: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àjò o. Ifẹ̀ ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ dókítà, Casualty (ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì) ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ni mo wà báyìí. Àwọn tó jábọ́ lórí ọ̀kadà là ń tọ́jú tọ̀sán-tòru. Mo ti yege Step 1 àti Step 2, ìdánwò ìwé àṣẹ dókítà ti Amẹ́ríkà. Ṣé ibi tí adúláwọ̀ bá pọ̀ sí ni kí n wá, àbí kí n sáà kọ̀wé síbi gbogbo?

Ẹ̀gbọ́n, Houston: O kú iṣẹ́, àbúrò. Má fọ́n owó ká. Físà ni kó o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Wo ojú òpó EMRA Match, wàá rí ibi tó ń gba físà J-1 (ti ìkọ́ṣẹ́) àti ibi tó ń gba H-1B (ti iṣẹ́). Tó o bá fi J-1 parí, o ní láti padà sílé fún ọdún 2, àfi tó o bá rí waiver, ìyẹn ìwé tó yọ ẹ́ kúrò nínú òfin yẹn. Ọ̀pọ̀ wa tó rí i ló fi ọdún 3 ṣiṣẹ́ níbi tí dókítà ti wọ́n kí wọ́n tó fi wá sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ H-1B gbọ́dọ̀ ti yege Step 3, ìdánwò tó gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn ìyẹn, wá rotation síbí (ìyẹn iṣẹ́ ránpẹ́ lábẹ́ àwọn ọ̀gá nílé ìwòsàn) kó o lè rí SLOE gbà, lẹ́tà tí àwọn ọ̀gá ìtọ́jú pàjáwìrì níbí fi ń júwe iṣẹ́ ẹni. Lẹ́tà àwọn ọ̀gá wa ní Ifẹ̀ dáa, fi kún un, àmọ́ kò lè dípò rẹ̀.

Àǹtí, Baltimore: Jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ adúláwọ̀ yẹn, torí ó ká mi lára. Nígbà tí mo wà lọ́dún kìíní ìkọ́ṣẹ́ mi níbí, wọ́n gbé màmá àgbàlagbà kan wá, ó dúdú minimini bíi tèmi. Ẹ̀rọ tó ń wọn atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi há a níka ka 93 nínú 100. Wọ́n ní kó lọ jókòó, kò léwu. Mo ní kó yọ ahọ́n, mo rí bó ṣe ń fi èjìká mí. Mo fa ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀: 84 ló jáde. Ìwádìí kan lọ́dún 2020 fi hàn pé ẹ̀rọ yẹn máa ń gbójú fo àìtó atẹ́gùn lára àwa adúláwọ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po 3 bó ṣe ń ṣe lára òyìnbó. Ilé ni wọ́n ti kọ́ mi pé kí n wo àwọ̀ ahọ́n kí n tó gba ẹ̀rọ gbọ́. Ìdí tó fi yẹ kí irú wa wà níbẹ̀ nìyẹn: ẹ̀mí aláìsàn ni.

Torí náà, má wo fọ́tò ojú òpó wọn. Bi àwọn residents (àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀) nígbà tí ọ̀gá ò sí níbẹ̀: adúláwọ̀ mélòó ló wà láàárín àwọn olùkọ́? Àwọn tó kúrò láìparí, kí ló lé wọn? Tí aláìsàn bá bú ẹ torí àwọ̀ rẹ, ta ló máa gbèjà ẹ? Níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, ẹnì kan ní kí n má fọwọ́ kan òun. Fáìlì ẹlòmíì ni wọ́n kàn nà sí mi. Ó ṣì ń dùn mí.

Àbúrò yín, Iléṣà: Ẹ ṣé gan-an, Àǹtí mi. Rank list tí mo máa fi to àwọn ibi tí mo fẹ́ ńkọ́? Ṣé ibi tí wọ́n á ti tètè gbà mí ni kó ṣíwájú?

Ẹ̀gbọ́n, Houston: Rárá o. Ibi tó wù ẹ́ jù ni kó o fi ṣíwájú, bí wọ́n ṣe ṣètò Match, ètò tó ń pín dókítà síbi ìkọ́ṣẹ́, nìyẹn, kò ní pa ẹ́ lára. Má sì gbọ́kàn lé àyè ìkọ́ṣẹ́ ìtọ́jú pàjáwìrì tó lé ní 500 tó ṣófo lọ́dún 2023. Ó ti dínkù púpọ̀.

Àǹtí, Baltimore: Fi orúkọ àwọn ibi tó o bá yàn ránṣẹ́ sí mi ní inbox, ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò kí oṣù kẹsàn-án tó dé. Bá mi kí gbogbo ará Casualty.